Ọmọ Keje Inú Ilé Orí Ààlà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì wá kan ilẹ̀kùn ilé mi níbí ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n dé fìlà, wọ́n gbé àpótí yìnyín kékeré kọ́ èjìká, ọ̀kan nínú wọn sì mú tẹlifóònù fífẹ̀ kan lọ́wọ́ tó ń tẹ̀ lemọ́lemọ́. Wọ́n kí mi ní Faransé. Mo dá wọn lóhùn ní Yorùbá, mo sì dúró kí n wo ohun tí wọn yóò ṣe. Èyí tó kéré rẹ́rìn-ín, ó yí ohùn padà, ó ní, "Ẹ kú ilé o, màmá. Ṣé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà nínú ilé?" Mo ní ọmọ kan ṣoṣo tó wà nínú ilé yìí ni èmi, mo sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ nǹkan sínú tẹlifóònù wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi yà sẹ́yìn mọ́sáláṣí. Mo ń jowú wọn, kí n má purọ́ fún ara mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ẹsẹ̀ rin iṣẹ́ yẹn, láti Àjàṣẹ́ dé Avrankou, láti Avrankou dé etí ààlà ní Ìgólò, tí mo ń kán ẹ̀kán méjì-méjì sẹ́nu àwọn ọmọ ọlọ́mọ kí àrùn rọpárọsẹ̀ má baà mú wọn. Nígbà yẹn, kò sí tẹlifóònù tó ń sọ ilé tó kàn fún mi. Ẹfun ìkọ̀wé ni mo ní, àti ìwé kan, àti ẹnu mi. Ẹnu mi yìí sì tó iṣẹ́ ṣe, ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń dùn nígbà tí orílẹ̀-èdè méjèèjì bá ń ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọ̀gá wa ní Kútọnu ti jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá Nàìjíríà, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ti bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú ayàwòrán. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí kò le rárá: bí àwa bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ ní Jímọ̀, nítorí ìyá tó ń ná ọjà Ìgólò lónìí ló ń ná ọjà Ìdí-Ìrókò lọ́la, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń bá a lọ síbi gbogbo. Bí ìhà kan bá fún àwọn ọmọ ní oògùn, tí ìhà kejì ò fún tiwọn, a kàn ń da ara wa láàmú ni.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́, a ó ti wà nílé ìtọ́jú oògùn, a ó máa ti ara wa níbi tí wọ́n ti ń pín yìnyín. Ọkọ̀ á gbé wa gba ọ̀nà Avrankou lọ. Òórùn epo pupa tí wọ́n ń sè lójú ọ̀nà á wọlé bá wa láti ojú fèrèsé, a ó máa sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ara wa, ẹni tí ìyá kan lé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ ní ìgbà tó kọjá ni a ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi débẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè pàápàá mọ̀ wá. Wọ́n á gbé okùn sókè fún wa, wọ́n á ní, "Ìyá ẹlẹ́kán, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ má gbàgbé ọmọ tèmi náà." Mi ò tíì rí ìgbà kan mìíràn láyé mi tí aṣọ́bodè rẹ́rìn-ín sí mi láìbéèrè nǹkan kan.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ìpàdé ààlà máa ń wáyé. Bí wọ́n bá ṣe é ní Àjàṣẹ́ lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà ló kàn. Mo máa ń retí ọjọ́ náà bí ọmọdé ṣe ń retí ọdún. Àwọn ọ̀gá á jókòó yí tábìlì ká, àsíá méjì á wà níwájú wọn, wọ́n á fi nǹkan sétí láti gbọ́ ògbufọ̀. Ọ̀gá wa á sọ Faransé gígùn, ògbufọ̀ á nu òógùn, á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú. Ọ̀gá tiwọn á fèsì ní Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ á tún nu òógùn. Àwa òṣìṣẹ́ kéékèèké tí a jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, Yorùbá la ti fi kí ara wa láti ẹnu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níwájú, àwa ti parí rẹ̀ lẹ́yìn kí ògbufọ̀ tó ráyè mu omi. Bó bá di ọ̀sán, a ó fi àkàsà àti ẹja ọ̀sà ṣe wọ́n lálejò, wọ́n á ní àkàsà ò dé ikùn àwọn. Bí àwa náà bá lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á fún wa ní ìrẹsì pupa, ata rẹ̀ á mú kí imú wa máa ṣomi, a ó sì tún na àwo pé kí wọ́n bù sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹnìkejì mi. Bí mo ṣe máa ń pè é nínú ọkàn mi nìyẹn, nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni òun ń ṣe ní ìhà tiwọn. Nọ́ọ̀sì kúkúrú kan ni, ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí mi, ó wo ewú orí mi, ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì níwájú gbogbo àwọn tó wọ kóòtù, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lè kọ́ mi bí ẹ ṣe ń mú àwọn ìyá yín tí wọn kì í bá yín jà." Mo ní kó dìde kó má ba aṣọ jẹ́. Láti ọjọ́ náà, èmi ni Ẹ̀gbọ́n, òun ni Àbúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ.

Ohun tó ń fa ìjà pẹ̀lú àwọn ìyá, ọ̀rọ̀ kíkà ni. Àwọn ọ̀gá fẹ́ iye. Ọmọ mélòó ló wà nínú ilé yìí, mélòó ló gba oògùn, mélòó ló kù? Wọ́n gbàgbé pé kò sí ìyá kan ní agbègbè wa tó fẹ́ kí àjèjì na ìka sí àwọn ọmọ rẹ̀, kó máa kà wọ́n bí ẹni ń ka iṣu lọ́jà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ọmọ lè dín. Bí o bá bi wọ́n ní iye ọmọ, wọ́n á ní, "Wọ́n wà níbẹ̀," tàbí, "Ọlọ́run mọ̀ wọ́n." Mi ò lè bá wọn wí. Ìyá tèmi ò fi ẹnu ka àwa ọmọ rẹ̀ rí títí ó fi kú, ojú á sì máa tì mí bí mo bá dúró lójúde ẹlòmíràn tí mo ń ka ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, bọ̀nbọ́n, súìtì tí àwọn ọmọdé ń lá, ni mo máa ń kà. Kí n tó wọ ilé kan, màá ka ogún bọ̀nbọ́n sínú agolo. Ọmọ tí mo bá kán oògùn sí lẹ́nu á mú ọ̀kan kí ẹnu rẹ̀ lè dùn. Bí mo bá ṣe tán, màá ka èyí tó kù, màá sì fi ẹfun kọ iye tó lọ sára ògiri. Ìyá ilé á rí mi tí mò ń ka bọ̀nbọ́n, kò ní bínú, àwọn ọmọ á sì máa sáré tọ̀ mí bọ̀ láti òkèèrè. Sálúbàtà kéékèèké tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ẹnìkejì mi máa ń kà ní tirẹ̀. Mo bi í pé ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn ńkọ́? Òun náà bi mí pé àgbàlagbà tó fẹ́ràn bọ̀nbọ́n ńkọ́? A jọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wò wá láti iwájú gbọ̀ngàn.

Ó tún yẹ kí a fi yíǹkì kun ọmọ-ìka ọwọ́ òsì ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí a sì wo gbogbo ìka náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó jáde. Mo máa ń kùn wọ́n. Wíwò ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mi ò kì í sábà ṣe. Agolo mi ti sọ iye fún mi, kí ni mo tún ń wò?

Èmi àti ẹnìkejì mi tún ní àdéhùn kan tí kò sí nínú ìwé àwọn ọ̀gá. Ní àwọn ilé tó wà lórí ààlà gan-an, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ nínú wa á fi ẹfun kọ àmì rẹ̀ sára ògiri, ẹni tó bá dé lẹ́yìn kò ní wọlé mọ́. Àwọn ìyá ibẹ̀ ti ń ráhùn pé Faransé ń kán ọmọ àwọn láàárọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń kán wọn nírọ̀lẹ́. Mo gba ẹfun rẹ̀ gbọ́, ó gba tèmi gbọ́. Lójú mi, àdéhùn yẹn lágbára ju gbogbo èyí tí wọ́n fọwọ́ sí níwájú ayàwòrán lọ, mo sì fi yangàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ilé kan wà ní abúlé kan tí ààlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Yàrá wọn wà ní Bẹ̀nẹ̀, ilé ìdáná wọn wà ní Nàìjíríà. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ilé náà máa ń sọ pé òun ń rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ láti lọ ro ọkà. Opó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le bí igi. Ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn, èyí àbíkẹ́yìn sì gbé ìyàwó láti ìhà kejì. Mo fẹ́ràn ilé náà. Kò sí ìgbà tí mo débẹ̀ tí ìyá àgbà ò ní bu ẹ̀pà sísè fún mi, á pè mí ní dòtóò, bí ẹni pé dókítà ni mí, á ní mo ti gbẹ, ṣé wọn kì í fún wa lóúnjẹ ní Àjàṣẹ́ ni. Méje ni àwọn ọmọ ibẹ̀ tí wọn ò tíì pé ọdún márùn-ún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ẹfun tí mo ti kọ sára ògiri ní ìgbà tó ṣáájú.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ṣú bolẹ̀. Awakọ̀ wa ń fọn fèrè lójú títì pé bí ọ̀nà bá rọ̀, ọkọ̀ òun ò ní jáde mọ́. Mo gbé agolo bọ̀nbọ́n kalẹ̀ lórí ẹní, mo kán àwọn ọmọ lẹ́nu, mo kun ìka wọn, wọ́n ń mú bọ̀nbọ́n, wọ́n ń sáré wọlé nítorí òjò ti ń kán. Mo gbé agolo, mo kà á: mẹ́tàlá ló kù nínú ogún. Méje ló lọ nìyẹn. Mo kọ méje sára ògiri lábẹ́ òrùlé níbi tí omi ò ní dé, mo sì sá wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹnìkejì mi débẹ̀, ó rí ẹfun mi, ó kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, ó kọjá lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi, tí yóò kí ilé, kí ọ̀nà, kí ọkọ mi, kí adìyẹ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jókòó ná." Mo ní mo ti jókòó. Ó ní, "Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi níbí, kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ibà mú un, nígbà tí ibà náà lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ, kò lè gbé e mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Mo ti gba ohun tó yẹ kí n gbà lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, mo ti fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú ilé ìyá àgbà elẹ́pà yẹn ló ti wá, Ẹ̀gbọ́n. Ilé tí ẹ kọ ẹfun sí."

Mo wá kẹ̀kẹ́nọ̀ kan láìjẹun, ó fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi lọ, mo ń sọ fún un lójú ọ̀nà pé ó ń rọra sáré jù. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá àgbà ń to igi ìdáná. Mo kí i, mo sì bi í bóyá ọmọ yẹn gba oògùn ní ìgbà tí mo wá gbẹ̀yìn.

"Ó gbà á kẹ̀!" bẹ́ẹ̀ ló dáhùn. "Ṣé ẹ ò rántí ni, dòtóò mi? Ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ yẹn, ó ń sùn nínú yàrá. Ẹ̀yin náà ń kánjú nítorí òjò. Èmi fúnra mi ni mo mú tirẹ̀ nínú agolo yín. Nígbà tó jí, mo fi í sí i lẹ́nu, ó lá a tán pátápátá."

Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Ó rò pé òun ń jẹ́rìí gbè mí ni. Lójú tirẹ̀, ohun tí mo ń kán àti ohun tí àwọn ọmọ ń lá, oògùn kan náà ni, nítorí ọwọ́ kan náà ló ń pín méjèèjì. Ta ló sì sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo ti ń wọ ilé náà fún ọdún mẹ́fà, mi ò sọ ọ́ rí. Mo gbójú sókè, mo rí méje tí mo kọ, ó wà lára ògiri níbẹ̀, ó funfun báláú. Mo ní kí ìyá náà má ṣèyọnu. Mo lọ dúró sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, mo sì sunkún.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, àrùn náà ni lóòótọ́. Ó wá di ọ̀rọ̀ ìlú méjì. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá ka ọmọ náà mọ́, orúkọ rẹ̀ ni yóò wọ inú ìwé pé àrùn ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí ọ̀gá kan tó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ni bàbá ọmọ náà ti wá, Nàìjíríà ni ìyá rẹ̀ ti wá, inú ilé tí ààlà là sí méjì ni wọ́n bí i sí. Ẹni tó mọ̀ nípa ẹsẹ̀ sì ti sọ fún àwa méjèèjì pé bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí na ẹsẹ̀ náà, tí wọ́n ń kọ́ iṣan rẹ̀ níṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ náà yóò fi rìn. Bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́, ẹsẹ̀ náà yóò ká, kò sì ní nà mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìhà kejì, wọ́n ní kó lọ gba ìwé wá láti Bẹ̀nẹ̀. Ó gbé e wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n ní kó lọ gba ìwé wá láti Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ báyẹn, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ ń gbẹ.

Ní Àjàṣẹ́ ni ìpàdé bọ́ sí. Èyí kò dùn rárá. Kò sẹ́ni tó fi àkàsà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá wa dìde, ó mú ìwé mi lọ́wọ́, ó ní gbogbo ọmọ inú ilé náà ló gba oògùn ní ìhà Bẹ̀nẹ̀, méje nínú méje, nítorí náà àlejò ni ọmọbìnrin yẹn, láti Nàìjíríà ló ti wá. Ọ̀gá tiwọn dìde, ó mú ìwé ẹnìkejì mi lọ́wọ́, ó ní òṣìṣẹ́ òun ò wọ ilé náà nítorí àmì Bẹ̀nẹ̀ ti wà lára ògiri, nítorí náà ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni. Ìwé méjì tí wọ́n ń nà síra wọn, inú agolo mi ni méjèèjì ti wá. Ògbufọ̀ ń nu òógùn. Wọ́n mú àwòrán ilẹ̀ jáde, wọ́n ń fi ìka wá ibi tí yàrá parí sí àti ibi tí ilé ìdáná ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ọdún kan àti díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ọ̀gá mi yóò borí, yóò sì yìn mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, mi ò ní gbé àpótí yìnyín kọ́ èjìká mọ́. Ojú mi sì tún lọ síbi tí ẹnìkejì mi jókòó sí. Ó ń wò mí. Kò tíì bi mí ní nǹkan kan látọjọ́ tó pè mí, ẹfun mi ṣì tó fún un. Ìyẹn ló lé mi dìde.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wa ni. Mi ò kán an lẹ́nu. Ó ń sùn nínú yàrá, mi ò wọ yàrá, mi ò sì wo ìka. Bọ̀nbọ́n ni mo kà, mi ò ka ọmọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé wa kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀."

Faransé ni mo fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, mo yíjú sí ẹnìkejì mi, mo tún un sọ ní Yorùbá, nítorí mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ògbufọ̀. Mi ò dárúkọ ìyá àgbà. Mo pinnu pé wọn ò ní gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì tí àsíá wà lórí rẹ̀.

Ẹnìkejì mi dìde díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Èmi náà kọjá lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mo gbọ́ tí ọmọ kan ń wú ikọ́ nínú yàrá. Mo wo ẹfun, mo kọjá." Ó jókòó, ó sì bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé wa lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún fẹnu kò pé láti ìgbà náà lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìhà méjèèjì ni yóò jọ máa wọ àwọn ilé orí ààlà, wọn yóò sì jọ máa wo gbogbo ìka. Ọ̀gá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá tútù tí wọ́n ń kó oògùn pamọ́ sí, ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ń ka ìgò láàárín òtútù, ọkàn mi ń bẹ lójú ọ̀nà Avrankou. Ẹnìkejì mi náà ò pè mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rò pé ó ti parí. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń bá kẹ̀kẹ́nọ̀ jà, ó gbé abọ́ ìrẹsì pupa dání. A jẹun, a sunkún, ó sì ní àkàsà wa ṣì burú bí tẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Àjàṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tirẹ̀, mo sì máa ń gba àyè lọ́dọ̀ àwọn ará yàrá tútù láti lọ bá wọn jókòó. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbé e wá, ìyá àgbà á bá wọn wá, ṣùgbọ́n kì í wọlé. Kò lè gbọ́ igbe ọmọ náà nígbà tí wọ́n bá ń na ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ìta ni òun àti èmi máa ń jókòó sí, á máa sọ fún mi nípa ẹ̀pà rẹ̀ àti òjò.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìhà méjèèjì ti jọ lọ sí abúlé náà, wọ́n ti kó àwọn ìyá jọ, wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí èmi ò ṣàlàyé rí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà jókòó tì mí, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀pà.

Ó ní, "Dòtóò, ohun tí mo mú nínú agolo yín, kì í ṣe oògùn."

Mo ní, "Màmá, èmi ni mi ò wọ yàrá. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ wá bi mí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ò sì sọ fún ìyá ọmọ náà."

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, màmá."

Ó mi orí. Ọmọ náà ké nínú yàrá. Ìyá àgbà dìde, ó di gèlè rẹ̀ le, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú, ó ń ki ọmọ náà, ó ń sọ fún ẹni tó ń na ẹsẹ̀ pé òun ni yóò máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìyá ọmọ na ọwọ́ láti pọ̀n ọ́n, ìyá àgbà ní rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ náà sẹ́yìn, ó so ọ̀já. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn pọ̀n ọ́n wá sí Àjàṣẹ́ mọ́, nínú òjò àti nínú oòrùn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ rò pé ìfẹ́ ni, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ náà kúkú ni.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé-ìwé báyìí. Irin wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó ń tiro, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ẹnu rẹ̀ sì le. Mo lọ kí wọn ní oṣù tó kọjá, mo pàdé wọn lójú ọ̀nà ilé-ìwé láàárọ̀. Kò sí bí ìyá àgbà ṣe lè pọn ọmọ tó ti tóbi tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ń lọ níwájú, ó ń pariwo, kò wẹ̀yìn. Ìyá àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀já wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíká, kò gbé ojú kúrò lára ẹsẹ̀ náà, bóyá yóò rẹ̀ ẹ́.